Kúbùsù Ẹranko Tí Mo Hun Lẹ́ẹ̀mejì

Ọmọkùnrin kan wà ní Jos tó máa ń pè mí ní Màmá Ìbàdàn. Ọmọ àbúrò mi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo hun kúbùsù aláwòrán ẹranko fún un, abala onígun mẹ́rin 30 tí a so pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é ní jàǹbá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àyà mi ṣì ń já. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra wúùlù jọ sílé, tí ẹ ń wá àwòrán ehoro àti erin kiri lórí YouTube nítorí ọmọ kan tó ń bọ̀ nínú ẹbí, ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn.

Oṣù Kẹta ọdún 2021 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ ọkọ àbúrò mi ló gbé wọn dé Jos. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí á máa rò pé bí ọyẹ́ tiwa ṣe rí ní Ìbàdàn ló rí níbi gbogbo. Orí òkè ni ìlú náà wà, ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ, bí oṣù Kejìlá bá sì ti wọlé, omi inú korobá kì í ṣeé ki ọwọ́ bọ̀ láàárọ̀. Àbúrò mi pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní òtútù ibí yìí kì í mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà o." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní kó má ṣèyọnu, èmi ni màá wá ohun tí a ó fi bo ọmọ náà.

Mo mọ kíróṣè, ìyẹn fífi píìnì ẹlẹ́nu kíkọ́ hun òwú. Ilé ìwé gírámà ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìtọ́jú ilé, ó sì ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun fún àwọn tó ń ṣe ìkómọ. Ohun tó tàn mí jẹ gan-an nìyẹn. Bí fìlà bá tóbi díẹ̀, orí ọmọ á dàgbà bá a. Bó bá kéré, a ó ní ọmọ ọ̀hún ló sanra. Abala 30 tí a fẹ́ so mọ́ra kò ní irú àforíjì bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lókè rẹ̀ mu, kó bá ti ìsàlẹ̀ mu, kó bá ti ọ̀tún àti ti òsì mu.

Dùgbẹ̀ ni mo ti lọ ra wúùlù. Mo ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ata rodo: pupa yìí wù mí, àwọ̀ ewé yìí náà wù mí. Ìyá tó ń tà á wò mí títí, ó ní, "Oníbàárà mi, ẹ wo nọ́ńbà ara ìwé rẹ̀ o. Àwọ̀ ewé méjì tí ẹ mú yẹn, kì í ṣe inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti pa wọ́n láró." Mo gbé méjèèjì sábẹ́ iná inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Mo sanwó. Ìgbà tí mo délé tí mo gbé wọn sójú ọ̀sán gangan ni mo tó rí i pé ọ̀kan dúdú bí ewé ewúro, èkejì sì dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Àwọn tó ń ṣe wúùlù a máa tẹ nọ́ńbà aró sára ìwé tí wọ́n fi wé e. Àwọ̀ tí ẹ bá fẹ́ lò fún ìpìlẹ̀ kúbùsù, ẹ ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí nọ́ńbà wọn jọra, torí bí ẹ bá padà lọ lẹ́yìn oṣù méjì, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà yẹn ti tán lọ́jà. Mi ò wo bí òwú ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn, náà. Àwọn kan fẹ́lẹ́, àwọn kan ki, píìnì kan ṣoṣo ni mo sì fi ń hun gbogbo wọn.

Ehoro ni mo kọ́kọ́ hun. Ojú rẹ̀ funfun, ó rí rogodo, etí rẹ̀ méjèèjì gùn, ó dúró ṣánṣán lórí abala aláwọ̀ ewé. Inú mi dùn débi pé mo tò ó sórí tábìlì, mo ń jẹun, mo ń wò ó. Mi ò fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mi ò fọ̀ ọ́ wò. Mo kàn mú òwú mìíràn, mo bẹ̀rẹ̀ erin.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òwìwí wà lára àwọn ẹranko tí wọ́n fẹ́ràn láti hun sí aṣọ ọmọ. Ó rọrùn: ẹ hun òrùka róbótó méjì fún ojú, ẹ fi àgógó ṣóńṣó kékeré sí àárín, ó ti parí. Mo ti hun mẹ́ta kí Màmá wa tó wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú kan. Wọ́n ń yẹ àwọn abala náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí erin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí pẹ́pẹ́yẹ. Bí wọ́n ṣe kan òwìwí, ọwọ́ wọn dúró. "Ọmọ ta lo fẹ́ fi ẹyẹ òru bò lójú oorun?"

Mo fẹ́ jiyàn. Mo ní, "Màmá, àwòrán lásán ni." Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé àwòrán ni. Èmi ni màá máa tẹ́ ẹ lé e bí mo bá lọ bá wọn. Mi ò ní lè tẹ́ ẹ." Ó dùn mí, torí pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi hun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n mo rò ó lóru ọjọ́ náà. Kúbùsù ọmọ, kì í ṣe ti ẹni tó hun ún. Ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, ìyá-ìyá rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò máa ká a, tí wọn yóò máa sá a sóòrùn. Bí ọkàn ẹnì kan nínú wọn bá ń kọ̀ ọ́, inú àpótí ni yóò wà. Mo tú òwìwí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òwú tí a bá tú báyìí a máa ká wọ́nkọwọ̀nkọ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Bí ẹ bá hun ún bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yín á rí jágajàga. Mo wé e mọ́ ẹ̀yìn àga, mo so ó níbi mélòó kan kó má lọ́ pọ̀, mo rì í sínú omi, mo wá gbé e kọ́ tòun ti ohun wíwúwo díẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó ti nà padà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń hun ẹranko tí ọmọ náà máa rí lójú ara rẹ̀, tàbí tí wọ́n máa fi pàlọ́ fún un: ìjàpá, ìgbín, àkùkọ, ewúrẹ́, labalábá, alángbá. Mi ò rí ẹni tó ṣe àpẹẹrẹ alángbá síta. Inú ìwé ìṣirò onílà onígun mẹ́rin kéékèèké ni mo ti yà á fúnra mi, orí rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ara rẹ̀ dúdú bí aró, gẹ́gẹ́ bí akọ tó máa ń dorí lórí ògiri wa. Ìgbín ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn: ẹ hun okùn gígùn kan, ẹ ká a yípo bí òṣùká, ẹ rán an mọ́lẹ̀, ìkarahun dé nìyẹn.

Oṣù Kọkànlá ni abala 30 pé. Mo tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Jẹ́jẹ́ ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Abala ehoro jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Ti erin fẹ̀ tó 23. Ti àkùkọ kò kọjá 17. Mo kọ́kọ́ rò pé òwú tó ki àti òwú fẹ́lẹ́ ló fà á, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ó ti jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lówó àti àkókò. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe ojú kíróṣè, ìyẹn ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan tí píìnì ń dá, ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube, bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń pè é ni wọ́n ń lò. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń sọ. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet, òun ni ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní treble, òun ni ará Amẹ́ríkà ń pè ní double crochet, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ní ìlọ́po méjì ti ìṣáájú. Nítorí náà, bí àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà bá ní kí n hun double, èmi á hun èyí tó kúrú, tí olùkọ́ wa fi kọ́ mi. Bí àpẹẹrẹ mìíràn bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, á bọ́ sí i. Àmì kan wà tí kì í tanni: Gẹ̀ẹ́sì kò ní single crochet rárá. Ibi tí ẹ bá ti rí single crochet, ti Amẹ́ríkà ni.

Mi ò tíì mọ gbogbo èyí nígbà náà. Mo kó àwọn abala náà lọ bá bàbá kan ládùúgbò wa tó máa ń rán aṣọ òfì pọ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn, mo ní kí wọ́n bá mi fi ẹ̀rọ so ó. Wọ́n mú méjì, wọ́n fi etí ọ̀kan lé ti èkejì, wọ́n sì nà án sí mi. "Màdáámù, ẹ wò ó. Ẹni tó bá hun òfì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, aránṣọ kò lè bá a tún un ṣe. Ẹ lọ tú u." Wọn ò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n Kérésìmesì ti ń bọ̀, ọyẹ́ ti ń fẹ́, mo sì ti ṣèlérí. Mo padà sílé, mo fi ọwọ́ so ó. Mo na èyí tó kéré, mo fún èyí tó tóbi pọ̀. Kúbùsù náà wú láàárín, etí rẹ̀ sì ń lọ wọ́lọwọ̀lọ bí etí àmàlà.

Lẹ́yìn náà ni mo fọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni òwú pupa rí. Oríṣi pupa méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní kò ṣe nǹkan kan. Èkejì, tí mo fi hun ògbe orí àkùkọ, da àwọ̀ sínú omi bíi zobo, ó sì pa ehoro funfun mi láró. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó, kò lọ. Ìbínú ni mo fi gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e lórí pé kó lè tẹ́. Wúùlù tí a ń rà lọ́jà wa, èyí tó pọ̀jù nínú rẹ̀ kì í ṣe irun àgùntàn, àkìrílíìkì ni, inú ẹbí ike ló wà. Iná kì í bá a rẹ́. Ibi tí áyọ́ọ̀nù kàn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó ń dán, kò sì padà bọ̀ sípò mọ́ láé.

Ó yẹ kí n dá a dúró síbẹ̀. Mo dì í, mo gbé e fún dẹ́rẹ́bà tó ń lọ sí Jos.

Mi ò tíì sọ ti ojú ẹranko. Bọ́tìnì ni mo lò. Bọ́tìnì dúdú kéékèèké tó ń dán, tó mú kí ehoro dà bí ẹni tó ń wo èèyàn. Òwú ìránṣọ ni mo fi gán wọn mọ́ ara wúùlù. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ó ń rá, eyín méjì ti yọ nísàlẹ̀, gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, ẹnu ló ń lọ.

Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá alẹ́ lù nígbà tí àbúrò mi pè. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. Ó ní òun gbọ́ tí ọmọ ń ṣe bí ẹni pé nǹkan há a lọ́fun, òun fi ìka wá inú ẹnu rẹ̀, òun sì yọ bọ́tìnì dúdú kan. Ó ní òun wá wo ara kúbùsù, òun rí i pé òmíràn ti ń mì dọ̀ọ̀dọ̀. Ó ní nígbà tí òun sì gbé e kúrò lára rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọ́ sínú fọ́nrán òwú lẹ́yìn kúbùsù, òwú náà ti wé e lẹ́ẹ̀mejì, ìka náà ti pọ́n. Ó tú u. Ọmọ náà sùn padà. Àbúrò mi kò bá mi wí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má banújẹ́, a kì í mọ̀." Ì bá sàn kó bá mi wí.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi tí mo ní màá bo ọmọ náà.

Láàárọ̀, mo ní kó tú gbogbo bọ́tìnì náà kúrò, kó sì ká kúbùsù náà pa mọ́. Mo di píìnì, òwú, àti ìwé àpẹẹrẹ sínú àpò kan, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fún ohun tó lé ní ọdún kan, mi ò hun nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá wá bẹ mí fún fìlà ìkómọ, màá ní ọwọ́ ń dùn mí.

Láàárín ìgbà yẹn ni mo béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan ní ìjọ wa. Ohun tí wọ́n sọ fún mi rèé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kí a má fi kúbùsù híhun sílẹ̀ lórí rẹ̀ bó bá ń sùn láìsí ẹni tó ń wò ó, torí ó lè bò ó nímú. Aṣọ tó nípọn ni kí a wọ̀ fún un. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá lè gba inú rólù pépà ìnùdí kọjá, kò yẹ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ì báà jẹ́ bọ́tìnì, ìlẹ̀kẹ̀, tàbí ojú oníke tí wọ́n ń tà fún bèbí. Mo ní ṣé bí mo bá rán an mọ́lẹ̀ dáadáa ńkọ́? Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Wúùlù ń fà, òwú ìránṣọ kì í fà. Bí ọmọ bá ń fi eyín fà á lójoojúmọ́, èwo ni yóò kọ́kọ́ já?"

Oṣù Kẹta ọdún 2023, ọmọ náà pé ọdún méjì. Àbúrò mi fi fídíò ránṣẹ́. Ó ń sá tẹ̀lé àkùkọ kan nínú ọgbà wọn, ó ń kọ "kékeréèkéé." Mo rí ara mi tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo ń fa àpò yẹn jáde.

Lọ́tẹ̀ yìí, abala kan ni mo kọ́kọ́ hun, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lo píìnì mílímítà 4. Mo wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 20 gééré. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà: gíráàmù 20. Abala 30 á gba 600. Mo ṣírò 150 fún ìsopọ̀ àti etí, mo wá lọ ra ẹyọ mẹ́jọ tó jẹ́ gíráàmù 100 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń ta wúùlù rántí mi. Nígbà tí wọ́n rí i tí mo ń ka nọ́ńbà ara ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo tún ń gbé e jáde sí ojú òòrùn, wọ́n ní, "Ẹ ti ń di ọ̀gá." Mo ra àwọ̀ mìíràn díẹ̀díẹ̀ fún ẹranko. Nígbà tí mo délé, mo gé díẹ̀ nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo wá fi áńkáṣíìfù funfun fún omi rẹ̀ gbẹ. Pupa kan tún yọ àwọ̀. Mo gbé e padà fún wọn, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀.

Mo pinnu pé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni màá lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí òun ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá rí àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà, màá kọ́kọ́ fi bírò yí gbogbo orúkọ rẹ̀ padà kí n tó fọwọ́ kan òwú. Gbogbo abala jẹ́ tírébù (treble ti Gẹ̀ẹ́sì) dídì, tí kò ní ihò tí ìka ọmọ lè há sí. Ní igun kọ̀ọ̀kan, tírébù méjì, ṣéènì (ojú kékeré tí a kàn fi òwú fà jáde) méjì, tírébù méjì, nínú ihò kan náà. Bí a bá ń hun ún bẹ́ẹ̀, ojú mẹ́rin ló ń kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìyípo: 3, lẹ́yìn náà 7, 11, 15, 19, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ìṣirò yìí ló gbà mí. Bí mo bá kà á tí mo bá rí 14, mo mọ̀ pé mo ti fo ojú kan, màá tú ìyípo kan ṣoṣo yẹn. Tẹ́lẹ̀, màá ní kò sẹ́ni tó máa rí i. Àti pé mo ṣíwọ́ híhun òwú dúdú lálẹ́. Bí iná bá lọ, tí mo bá ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù hun ara alángbá, ọ̀la ni màá tú gbogbo rẹ̀.

Mi ò fi ẹranko sí gbogbo abala. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ẹranko, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lásán, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn bíi pátákó dírááfù. Ojú ń sinmi, ọwọ́ náà sì ń sinmi. Ìrora ọrùn ọwọ́ tí mo ń pa lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ti wá di òótọ́, torí náà bí mo bá hun wákàtí kan, màá dìde lọ fọ abọ́.

Ojú ẹranko, òwú nìkan. Mo ki òwú dúdú bọ abẹ́rẹ́, mo gún un wọ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún títí ó fi rí kóńkó, mo wá fi òwú funfun tíńtín kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀. Ó ń wo èèyàn bí bọ́tìnì ṣe ń wò ó. Etí ehoro tí mo ti jẹ́ kó yọ jáde tẹ́lẹ̀, mo rán gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Ní ti òpin òwú, mo ń fi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀, mo ń fi abẹ́rẹ́ gbé e gba inú híhun lọ, mo tún ń dá a padà, mo tún ń gbé e lọ lẹ́ẹ̀kẹta, torí àkìrílíìkì ń yọ̀. Kókó lásán kì í dì í mú. Tí mo bá parí abala kan, màá yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, màá ki ìka mi kékeré kiri lára rẹ̀ bí ọmọ ṣe máa ṣe. Ibi tí ìka mi bá ti há, màá rán an.

Mo fi píìnì aṣọ kan abala kọ̀ọ̀kan mọ́ fóòmù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo di áyọ́ọ̀nù olóoru mú lókè rẹ̀, kò fara kàn án, oru nìkan ló bà á. Ó tutù tán kí n tó tú píìnì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo tẹ́ wọn sílẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀ kí ètò rẹ̀ má bàa sọ nù, mo sì so ó pọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Sẹ̀ǹtímítà 100 ní ìbú, 120 ní òró. Mo gbé e lọ bá bàbá aláṣọ òfì. Wọ́n ká a sí méjì, wọ́n wo etí rẹ̀, wọ́n tún ká a sí mẹ́rin. Wọ́n ní, "Èyí dọ́gba."

Oṣù Kejìlá, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí Jos. Ọmọ náà ti ku oṣù mẹ́ta kó pé ọdún mẹ́ta. Kí n tó jókòó, ó ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ti ń rìn lórí rẹ̀ láti orí ẹranko kan dé òmíràn, ó ń pe orúkọ wọn. Mo ti ń pa àlọ́ fún un lórí fóònù láti bí oṣù mélòó kan, torí náà nígbà tó kan ìjàpá, ó dúró lé e, ó ní, "Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo!" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo abala lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàpá, ó wo ti apá kejì, ó wá wo ojú mi.

"Màmá Ìbàdàn, Yánníbo dà?"

Mo ṣí àpò mi. Òwú tí mo fi hun ìjàpá ṣẹ́kù díẹ̀, kò tó ká ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òtútù yẹn, mo hun ìjàpá kékeré kan, mo fi òwú pupa tí kò yọ àwọ̀ wé gèlè sí i lórí, mo rán an sórí abala lásán náà. Ó dúró tì mí títí mo fi gún ojú rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló fi ìka tẹ ojú ọ̀hún, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá sùn lé e.